Bẹ́ ẹ ṣe máa to bọ́ọ̀dù Commodore 64 tuntun jọ, àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tó bá kọ̀ tí ò tan

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù àwòkọ ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà Commodore 64 (C64) tí àwọn èèyàn tún yà látinú ti àtijọ́, tó jẹ́ pé òfìfo ni wọ́n máa ń tà á, ihò lásán, ẹ̀yin lẹ máa wá gbogbo ohun tó kù tẹ́ ẹ sì máa fi òjé jó o mọ́ ọn fúnra yín. Commodore gbé kọ̀ǹpútà yẹn jáde lọ́dún 1982, dọ́là 595 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á ní Amẹ́ríkà, wọn ò sì jáwọ́ nínú ẹ̀ títí di 1994, ìdí nìyẹn tí chip ẹ̀ fi ṣì pọ̀ nílẹ̀ lónìí.

Kẹ́ ẹ tó ki ayọ́nù tẹ́ ẹ fi ń jó òjé bọná, ẹ gbọ́ nǹkan kan. C64 ògbólógbòó tó bàjẹ́, a mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́ rí, nǹkan kan ló kàn kú nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rí i ó parí. Bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tò ò tíì ṣiṣẹ́ rí láyé ẹ̀, chip tẹ́ ẹ sì fẹ́ kì sínú ẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ẹ ò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Àlejò méjì nìyẹn, tí wàhálà bá dé, èwo lẹ fẹ́ dá lẹ́bi nínú wọn? Lójú tèmi gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí ò ju kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ohun méjì tẹ́ ẹ ò fọkàn tán pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá jó gbogbo ẹ̀ tán, tó ki gbogbo chip wọlé, tó wá tan iná, tí sìkírínì dúdú, ẹni yẹn ti fi ara ẹ̀ sínú igbó.

1. Kíkó nǹkan jọ

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tó wà lára bọ́ọ̀dù yín, torí Commodore ò ṣe ẹyọ kan. 250407 wà, 250425 wà, 250466 wà, 250469 tó kúrú wà. Èmi á máa tẹ̀ lé 250425 nínú ọ̀rọ̀ mi, nọ́ńbà U tí mo bá dá (ìyẹn orúkọ àyè chip kọ̀ọ̀kan lórí bọ́ọ̀dù), tibẹ̀ ni.

Ohun kejì ni PAL àbí NTSC, ìyẹn oríṣi àwòrán méjì tí tẹlifíṣọ̀n ń gbà. Ẹ yan ọ̀kan kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, torí chip VIC (tó ń ya àwòrán) àti kírísítà (tó ń lù láti ka àkókò) jọ ń rìn ni. VIC 6569 ti PAL ń fẹ́ kírísítà 17.734475 MHz, 6567 ti NTSC ń fẹ́ 14.31818 MHz, jọ́ḿpà (wáyà kékeré tẹ́ ẹ fi ń yàn) náà sì wà lórí bọ́ọ̀dù tó ń sọ èyí tẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ra lódìlódì, ẹ lè rí àwòrán tí ò ní àwọ̀, tàbí èyí tó ń yí bìrìbìrì, ẹ ó sì máa bínú sí chip tí ò ṣe nǹkan kan.

Àwọn tẹ́ ẹ máa wá nìyí: CPU 6510 tó ń ṣe ìṣirò (U7), VIC (U19), SID 6581 tó ń ṣe ohùn (U18), CIA 6526 méjì tó ń bá kíbọ́ọ̀dù àti díìsìkì sọ̀rọ̀ (U1 àti U2), PLA tó ń yan chip tó kàn láti sọ̀rọ̀ (U17), ROM mẹ́ta tí ètò ti wà nínú wọn, ìyẹn BASIC (U3), KERNAL tó ń jí kọ̀ǹpútà (U4) àti CHAR tó ní àwòrán lẹ́tà (U5), RAM 4164 mẹ́jọ, 2114 kan tó wà fún àwọ̀ (U6), 8701 tó ń ṣe clock, ìyẹn ìlù tí gbogbo chip ń bá rìn (U31), àti àwọn chip kéékèèké, ìyẹn 74LS, 4066, 7406 àti 556. Àwọn 74LS yẹn ẹ máa rí wọn rà ní tuntun, wọn ò sì wọ́n. RAM náà ò le. ROM kì í ṣe ìṣòro, ẹ lè kọ ọ́ sínú EPROM (chip òfìfo tẹ́ ẹ lè kọ ètò sí), kìkì pé 2364 ti àtijọ́ ní ẹsẹ̀ 24, EPROM 27C64 sì ní 28, so ẹ máa nílò adápítà, àfi tí ẹni tó ya bọ́ọ̀dù yín bá ti fi ihò 28 síbẹ̀. PLA ti àtijọ́ máa ń gbóná gan-an, òun ló sì máa ń kú jù. Èyí tí wọ́n ṣe ní tuntun ni kẹ́ ẹ rà jàre. Àwọn kan ń fi EPROM 27C512 ṣe PLA torí ó pọ́ọ́kú, ó lè tan lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkókò ẹ̀ ò bá ti PLA mu dáadáa, á wá máa ṣe ségesège nígbà tẹ́ ẹ bá ki katiríìjì kan (àpótí kékeré tí wọ́n ń kì sẹ́yìn C64), ẹ ò sì ní mọ̀ pé òun ni.

Ibi tówó ti máa jáde ni CPU, VIC, SID àti CIA. Ibẹ̀ náà ni jìbìtì wà, wọ́n á pa orúkọ ara chip kan rẹ́, wọ́n á kọ 6581 sí i. Ẹ ra lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣèlérí pé òun ti dán an wò nínú C64 tó ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ní C64 tó pé, tí chip ẹ̀ sì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì (ìjókòó tí chip ṣeé yọ kúrò nínú ẹ̀), ẹ bẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ fi gbogbo chip yín dán wò níbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú àlejò méjèèjì ti di ẹni mímọ̀ nìyẹn, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Nǹkan kékeré kan kí n má gbàgbé, tó bá jẹ́ SID 8580 lẹ ní dípò 6581, fóòtì 9 ló ń jẹ, kì í ṣe 12, kapásítọ̀ C10 àti C11 náà ò sì ní jẹ́ 470 pF mọ́, 22 nF ni Commodore fi sí i. Ẹ má ki 8580 sí bọ́ọ̀dù tó ń gbé fóòtì 12 wá o, ẹ máa sun ún ni.

2. Jíjó o

Ohun tó bá kúrú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jó: rẹsísítọ̀ àti dáyọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà sọ́kẹ́ẹ̀tì, kapásítọ̀ pẹlẹbẹ, tiransísítọ̀, kapásítọ̀ onígò, kó wá kan àwọn pọ́ọ̀tì ńlá etí bọ́ọ̀dù. Òjé 60/40 ni kẹ́ ẹ lò, ó rọrùn ju èyí tí wọ́n ṣe láìsí òjé gidi nínú ẹ̀ lọ, ayọ́nù tó gbóná tó bí 350°C ti tó. Ihò tó bá jẹ́ ti ground (ọwọ́ òdì iná) máa ń fa ooru lọ, òjé á kàn gun orí ẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ láìwọnú ihò. Ẹ ní sùúrù síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ àti ihò jọ gbóná kẹ́ ẹ tó fi òjé kàn án.

Gbogbo chip ni kẹ́ ẹ fi sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ pátá, títí kan àwọn 74LS olówó pọ́ọ́kú. Ẹ jó igun méjì, ẹ yí bọ́ọ̀dù padà wò bóyá ó jókòó dáadáa, kẹ́ ẹ tó jó ìyókù. Ẹ wo ẹnu tí wọ́n gé sára sọ́kẹ́ẹ̀tì kó bá àwòrán ara bọ́ọ̀dù mu, torí kì í ṣe gbogbo chip ló kọjú síbì kan náà, ẹ má sì fi ojú inú wò ó. Ọwọ́ òdì kapásítọ̀ onígò náà, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Tẹ́ ẹ bá jó o tán, ẹ fi ọtí isopropyl àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé e sábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀, ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ojú òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí máa ń súni, èmi náà mọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wàhálà bọ́ọ̀dù tuntun wà nìyẹn: ẹsẹ̀ kan tẹ́ ẹ gbàgbé láti jó, òjé tó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀, ẹsẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ká sábẹ́ tí ò tiẹ̀ wọ ihò.

3. Iná kọ́kọ́, chip kankan ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀

Ẹ fi mítà wọn àárín fóòtì 5 àti ground nígbà tí iná ò tíì sí. Tó bá ń ké píìì láìdákẹ́, ṣọ́ọ̀tì wà níbì kan, ẹ má tan nǹkan kan. Tí nọ́ńbà bá ń gùn díẹ̀díẹ̀, kapásítọ̀ ló ń gba iná, kò síṣòro.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo àdátà dúdú ògbólógbòó (ohun tó ń gbé iná wá fún un) tó bá C64 wá látijọ́. Tí régúlétọ̀ inú ẹ̀ bá kú, kì í dá iná dúró, ṣe ló máa ń jẹ́ kí fóòtì tó ju 5 lọ ya wọlé, RAM ló sì máa ń kọ́kọ́ pa. Àdátà tuntun tí wọ́n ṣe fún C64 ni kẹ́ ẹ wá.

Iná méjì ló ń wọ C64: fóòtì 5 DC àti fóòtì 9 AC. Èyí tó jẹ́ 9 AC yìí ló ń gba inú fíúsì 1.5 ampere kọjá, á lọ sí bíríìjì tó ń sọ AC di DC, lẹ́yìn náà régúlétọ̀ 7812 á fi ṣe fóòtì 12, 7805 á fi ṣe fóòtì 5 mìíràn tó jẹ́ ti VIC àti clock nìkan. Ìyẹn ni pé fóòtì 5 méjì ló wà lórí bọ́ọ̀dù yìí, wọn ò sì so mọ́ra. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Tí fíúsì bá já, àwọn chip yòókù á rí fóòtì 5 tiwọn, VIC àti clock ni ò ní rí, fóòtì 12 náà á sì lọ, tẹlifíṣọ̀n á sì ní kò sí nǹkan tó ń wọlé.

Ẹ tan iná, kẹ́ ẹ fi mítà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 4.75 sí 5.25. CPU, ẹsẹ̀ 6 ni fóòtì 5, ẹsẹ̀ 21 ni ground. VIC, ẹsẹ̀ 40 ni fóòtì 5, ẹsẹ̀ 13 ni fóòtì 12, ẹsẹ̀ 20 ni ground. SID, ẹsẹ̀ 25 ni 5, ẹsẹ̀ 28 ni 12, ẹsẹ̀ 14 ni ground. PLA, 28 àti 14. CIA, ẹsẹ̀ 20 ni fóòtì 5, ẹsẹ̀ 1 ni ground. Ẹ wá kíyè sí RAM 4164, ẹsẹ̀ 8 ni fóòtì 5 tiẹ̀, ẹsẹ̀ 16 ni ground, òdìkejì gbáà sí 74LS ẹlẹ́sẹ̀ 16 tó wà nítòsí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí òdì níbẹ̀ lójú mítà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́ọ̀dù o, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

4. Clock àti reset

Ẹ paná. Ẹ ki gbogbo 74LS, 4066, 7406, 556 àti 8701 wọlé, kẹ́ ẹ tún ki VIC sí i. Ẹ tan án.

Ọ̀nà tí clock ń gbà nìyí, ẹ tẹ̀ lé e láti òkè: kírísítà ló ń jí 8701, 8701 á fi ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ 22 VIC (nǹkan bíi 7.88 MHz ní PAL, 8.18 ní NTSC), VIC á pín in sí mẹ́jọ, á gbé e jáde ní ẹsẹ̀ 17, ìyẹn ló ń dé ẹsẹ̀ 1 CPU ní bíi 0.985 MHz ní PAL, tàbí 1.023 ní NTSC. Ibi tẹ́ ẹ bá ti wá a tẹ́ ẹ ò rí i mọ́, ohun tó wà ṣáájú ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Tẹ́ ẹ bá ní oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò, ó rọrùn gan-an. Tẹ́ ò bá ní, mítà náà ṣì lè ràn yín lọ́wọ́: ẹsẹ̀ tí clock bá ń lù máa ń fi nǹkan bíi fóòtì 2 sí 2.5 hàn lójú mítà DC, torí ó ń lọ sókè sódò. Tó bá jẹ́ 0 gbọnrangandan tàbí 5 gbọnrangandan, ó ti kú síbẹ̀.

Reset, ìyẹn àmì tó ń mú CPU bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun náà ńkọ́? Ẹ gbé mítà lé ibi tí ẹsẹ̀ 40 CPU máa wà, kẹ́ ẹ tan iná. Ó yẹ kó wà ní 0 fún bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan, kó wá fò lọ sí bíi 5, kó sì dúró síbẹ̀. 556 (U20) ló ń ka àkókò yẹn, 7406 (U8) ló ń yí i padà. Tí kò bá gòkè láéláé, àwọn méjèèjì yẹn ni, àbí rẹsísítọ̀ tó yẹ kó fà á sókè ni ẹ ò jó dáadáa.

Ní báyìí tí VIC nìkan wà níbẹ̀, sìkírínì lè dúdú, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ gbà pé nǹkan ń wọlé. Ẹ̀rí pé ìdajì bọ́ọ̀dù ti wà láàyè nìyẹn.

5. Kíki chip tó kù

Ẹ máa paná kẹ́ ẹ tó ki ohunkóhun, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan chip, iná ara èèyàn máa ń pa wọ́n. CPU, PLA, KERNAL, BASIC, CHAR, RAM mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, U6 àti CIA kejì (U2) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kì. Ẹ fi SID sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á tan láìsí i, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ fi chip tó wọ́n jù wéwu? CIA kìíní (U1) náà lè dúró, láìsí i ọ̀rọ̀ á jáde lójú sìkírínì ṣùgbọ́n kọ́sọ̀ ò ní máa ṣẹ́jú, torí òun ló ń ta KERNAL jí pé kó ṣẹ́jú kọ́sọ̀ kó sì wo kíbọ́ọ̀dù.

Tó bá tan tí ẹ rí COMMODORE 64 BASIC V2 àti 38911 BASIC BYTES FREE lójú búlúù, ẹ paná kẹ́ ẹ ki U1, ẹ dán kíbọ́ọ̀dù wò, lẹ́yìn ìyẹn ni SID.

6. Sìkírínì dúdú

Ó dáa, kò tan. Ẹ má tíì ra chip tuntun.

Ẹ fọwọ́ kan chip kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan. VIC, PLA àtijọ́ àti SID máa ń gbóná, ìyẹn ò burú. RAM kan tó ń jóni lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tutù, òun ti kú, ó sì lè máa fa àwọn tó kù mọ́ra. Chip tó tutù bí omi pátápátá, ẹ tún iná ẹ̀ wọ̀n, kì í ṣe ní sọ́kẹ́ẹ̀tì o, lára ẹsẹ̀ chip gan-an, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo bóyá ẹsẹ̀ kan ká sábẹ́ chip. Èyí wọ́pọ̀ jù, ó sì ṣòro láti rí láti òkè, ẹ yọ ọ́ wò.

Tí gbogbo ìyẹn bá dáa, ẹ wo CPU. Ẹsẹ̀ 39 gbọ́dọ̀ máa lù, tí clock bá ń wọ ẹsẹ̀ 1 tí ò jáde ní 39, CPU ti kú. Ẹsẹ̀ 5, ìyẹn AEC, gbọ́dọ̀ máa lù, VIC ló ń lò ó láti gba ọ̀nà lọ́wọ́ CPU, tó bá dúró sí 0 CPU ò ní lè sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ wo ẹsẹ̀ 29, 28 àti 27 náà, wọ́n gbọ́dọ̀ wà lókè, àwọn ló ń sọ fún PLA pé kó gbé BASIC, KERNAL àti I/O (àwọn chip tó ń gba nǹkan wọlé tó sì ń gbé e jáde) síta. Tí ọ̀kan bá wà nílẹ̀, rẹsísítọ̀ tó ń fà á sókè ni kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó bú CPU.

Lẹ́yìn náà ni katiríìjì Dead Test ti Commodore, tó ń dán bọ́ọ̀dù wò. Ẹ lè kọ ọ́ sínú EPROM fúnra yín. Ohun tó mú kó dáa ni pé kì í lo KERNAL bọ́ọ̀dù rárá, kì í sì í gbẹ́kẹ̀ lé RAM kó tó bẹ̀rẹ̀. Sìkírínì á kọ́kọ́ dúdú fún ìgbà díẹ̀, ẹ fara balẹ̀, ó ń dán RAM wò ni. Tí RAM kan bá kú, á máa ṣẹ́jú, iye ìgbà tó ṣẹ́jú ló ń tọ́ka sí RAM tó kú. Tó bá ṣiṣẹ́ tán tí C64 ò sì tan fúnra ẹ̀, ROM yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n tí òun alára ò bá gbé nǹkan kan wá, ó kù PLA, CPU, VIC àbí òjé yín. Ọ̀rọ̀ RAM, tó bá ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló kú, ẹ má gbà á gbọ́ o, U13 àti U25 tó ń pín àdírẹ́sì fún wọn ni kẹ́ ẹ lọ wò.

7. Ó tan, ṣùgbọ́n…

Tí bytes free ò bá pé 38911, ẹ fi 2049 kún iye tẹ́ ẹ rí, ẹ máa rí àdírẹ́sì tí KERNAL ti pàdé RAM tí ò dáa. Bí àpẹẹrẹ, 14335 pẹ̀lú 2049 jẹ́ 16384, tí wọ́n máa ń kọ ní $4000. Ẹ má sì rò pé 38911 túmọ̀ sí pé RAM pé, KERNAL kàn ń kọ nǹkan sí ibì kan tó sì ń kà á padà lójú ẹsẹ̀ ni, tí àdírẹ́sì méjì bá ń lo yàrá kan náà kò ní mọ̀.

Lẹ́tà tó bàjẹ́ ṣùgbọ́n tó wà láyè ẹ̀, CHAR ROM. Lẹ́tà tó dáa ṣùgbọ́n tí àwọ̀ ẹ̀ rí kátikàti, 2114 (U6), tàbí 4066 tó wà ní U16 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Díìsìkì tí ò kà, CIA kejì, tàbí U8. Kíbọ́ọ̀dù tí ìlà kan péré ò ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo òjé ẹsẹ̀ kíbọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó fẹ̀sùn kan U1. Ohùn tí ò jáde, ẹ wọn fóòtì 12 ní ẹsẹ̀ 28 SID, kẹ́ ẹ sì wo tiransísítọ̀ kékeré tó wà lójú ọ̀nà ohùn, ó máa ń rọrùn láti jó o lódì.

Àwòrán tó wà ní dúdú àti funfun, ẹ tún jọ́ḿpà PAL/NTSC wò, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi sukurudíráfà onírọ́bà yí trimmer (kapásítọ̀ kékeré tó ṣeé yí) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kírísítà díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ á fi jáde. Sukurudíráfà onírin máa ń tan yín jẹ, bẹ́ ẹ bá ti gbé e kúrò àwọ̀ á tún lọ.

Tí gbogbo ẹ̀ bá pé, ẹ fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan kẹ́ ẹ tó dè é mọ́ inú páálí ẹ̀. Chip àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé tó bá gbóná ló ń ya wèrè. Ẹ fọ́n òtútù inú agolo sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ bá fọ́n sí tí ara kọ̀ǹpútà yá, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ lẹ irin atutù mọ́ VIC àti PLA àtijọ́, ẹ má sì fa jóísítíìkì yọ tàbí kẹ́ ẹ kì í bọ̀ ọ́ nígbà tí iná bá wà, ojú ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ CIA ti ń kú.